Dídá Ẹ̀jẹ̀ Dúró Nínú Ẹ̀dọ̀ Láìla Ikùn: Ìṣẹ̀lẹ̀ Àgbẹ̀ Kan Ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogi

Aláìsàn tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ọkùnrin ẹni ọdún 54, àgbẹ̀ oníṣu tó tún ní oko kajú, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Yàgbà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà kí a kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n a ti yọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ìlú rẹ̀ àti ti àwọn ilé ìwòsàn tó tọ́jú rẹ̀ kúrò. Kókó jẹjẹrẹ kan ló bẹ́ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ya sínú ikùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn láàárín àwọn ará Ọ̀kun, àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, ti gbà lọ́kàn ara wa pé ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ilé ni kí wọ́n máa gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni kò la ikùn ọkùnrin yìí. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan rẹ̀ wọlé ni wọ́n fi dí ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì wà láàyè títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní kíkún, nítorí mo gbàgbọ́ pé ìpinnu tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí a ṣe kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé e dé lórí ọ̀kadà láti oko, àbúrò rẹ̀ jókòó sẹ́yìn ó dì í mú. Ó ń gbé àpò iṣu sórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí ìrora kan ṣàdédé mú un lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún. Ó ní ó ṣe òun bí ẹni pé nǹkan já nínú òun. Kí wákàtí kan tó kọjá, ìrora náà ti tàn ká gbogbo ikùn, ó sì ti gun èjìká ọ̀tún. Kò ṣubú, ẹnikẹ́ni kò sì lù ú. Nígbà tí a rí i, òógùn tútù ti bò ó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 80/50, ọkàn rẹ̀ sì ń lù ní ìgbà 128 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ikùn rẹ̀ ti wú, kò sì fẹ́ kí a fọwọ́ kàn án. PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú 100 ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ́ 19, nígbà tó yẹ kí ti ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ oko fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ìyókù fún wa. Ọkùnrin náà ti ń rù láti bí oṣù mẹ́rin, oúnjẹ kì í wù ú, ó sì máa ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún òun wúwo. Wọ́n rò pé ibà ni, wọ́n ń sè àgbo fún un. Ọ̀rọ̀ kan tí ìyàwó náà sọ kò kúrò lọ́kàn mi: “Dókítà, láti ìgbà tí iṣu tuntun ti jáde, kò lè fi ìhà ọ̀tún sùn mọ́.” Nínú gbogbo ohun tí a gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, èyí ló kọ́kọ́ tọ́ka sí ẹ̀dọ̀.

Ní agbègbè wa, bí ikùn bá le, tó ń dun ènìyàn, tí ìfúnpá sì ti lọ sílẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ìfun tí taifọ́ọ̀dù ti lu, tàbí ọgbẹ́ inú tó ti jálu. Ìtọ́jú àwọn méjèèjì ni kí a tètè la ikùn. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ti ń palẹ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ mọ́ nígbà tí a ń wo aláìsàn náà, kò sì ṣe ohun tí kò tọ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbóná, ìrora náà sì dé lójijì ju ti taifọ́ọ̀dù lọ. Olórí rẹ̀ ni pé àìtó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ìfun tó lu lè fà láàárín wákàtí díẹ̀. A gbé ẹ̀rọ sikáànì kékeré wá sẹ́bàá ibùsùn. Omi wà káàkiri inú ikùn rẹ̀, kókó kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 sì yọ gọnbu sí etí ẹ̀dọ̀ ní apá ọ̀tún. A fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú omi náà ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá òsì, ẹ̀jẹ̀ ló jáde. A dà á sínú ìgò kékeré, a sì fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kò dì. Bó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ wa ló ṣèèṣì gún iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà ì bá ti dì nínú ìgò. Ẹ̀jẹ̀ tó ti wà nínú ikùn fún ìgbà díẹ̀ kì í sábàá dì mọ́. Àyẹ̀wò yìí kò ná wa ju abẹ́rẹ́ kan àti ìgò kan lọ, òun ló sì yí ìtọ́jú ọkùnrin náà padà.

Kí ẹni tó ń kà á tó lè mọ ìdí tí a kò fi la ikùn rẹ̀, ó yẹ kí ó mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé inú ẹ̀dọ̀. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ibẹ̀. Iṣan ńlá kan wà tó ń kó ẹ̀jẹ̀ láti inú ìfun àti ọlọ inú wá, òun ló ń gbé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ ń lò. Ìdá kan tó kù ń gba inú iṣan àlọ wá, èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ ọkàn bọ̀ pẹ̀lú agbára. Èyí ni ti ẹ̀dọ̀ tí ara rẹ̀ yá. Kókó jẹjẹrẹ kò rí bẹ́ẹ̀: bó bá ti ń dàgbà, inú iṣan àlọ yẹn ló ti ń fa ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń lò. Nítorí náà, bí ènìyàn bá lè dí ẹ̀ka iṣan àlọ tó ń bọ́ kókó náà nìkan, ẹ̀jẹ̀ yóò dáwọ́ dúró, kókó náà yóò sì máa kú, nígbà tí ẹ̀dọ̀ tó kù ṣì ń rí ẹ̀jẹ̀ gbà láti ọ̀nà kejì. Ó dà bí ìgbà tí àgbẹ̀ dí ojú poro kan ṣoṣo tí omi ń gbà lọ síbi tí èpò wà, tí omi ìyókù oko kò sì dáwọ́ dúró. Lórí òtítọ́ kan yìí ni gbogbo ìtọ́jú náà dúró lé.

Kí ló ń mú kí kókó náà bẹ́? Ó máa ń dàgbà kíákíá ju bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé àárín rẹ̀ lọ, àárín rẹ̀ yóò kú, ẹ̀jẹ̀ yóò máa ṣẹ̀ sínú rẹ̀, ipá yóò sì máa pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá wà ní etí ẹ̀dọ̀, níbi tí awọ tó bò ó fẹ́lẹ́, ohun kékeré bí ikọ́ tàbí gbígbé ẹrù lè já a, nígbà mìíràn pàápàá kò sí ohun kankan tó fà á. Ní àwọn apá kan Éṣíà àti gúúsù Áfíríkà, ìwádìí ti fi hàn pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn tó ju 10 lọ nínú 100 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, nígbà tí kò tó 3 nínú 100 ní Yúróòpù. Ohun tí mo rò pé ó fa ìyàtọ̀ náà ni pé níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò látìgbàdégbà, wọ́n ń rí kókó náà nígbà tó ṣì kéré.

Mo pe oníṣẹ́ abẹ àgbà kan tó ti kọ́ wa níṣẹ́, mo sì ka gbogbo ohun tí a rí fún un lórí fóònù. Ìdáhùn rẹ̀ kò pẹ́: “Ẹ má là á o. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, kí ẹ sì wá ibi tí wọ́n ti lè dí iṣan náà.” Ẹ̀jẹ̀ tó ti kún ikùn ń tẹ ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ikùn líle náà sì ń ràn án lọ́wọ́, bí a bá là á, ipá yẹn yóò tú, ẹ̀jẹ̀ yóò sì tú yàà. Ẹ̀dọ̀ irú aláìsàn báyìí ti sábàá le tí ó sì ti di àpá kí jẹjẹrẹ tó yọ nínú rẹ̀, kò sì lè pèsè ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì tó bó ṣe yẹ. Rírán irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ lóru, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú fíríìjì, jẹ́ iṣẹ́ tí oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ jù pàápàá máa ń bẹ̀rù. Ìwé ìmọ̀ ìṣègùn fi hàn pé láàárín àwọn tí kókó ẹ̀dọ̀ wọn bẹ́, 25 sí 75 nínú 100 ló ń kú ní àkókò tí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná. Níbi tí wọ́n bá ti dí iṣan àlọ náà láti inú, wọ́n ń rí ẹ̀jẹ̀ náà dá dúró lára èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn. Kì í ṣe gbogbo wọn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹbí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni a bá sọ̀rọ̀ pẹ́ jù. Bàbá náà fẹ́ gbé àbúrò rẹ̀ lọ sílé. Ó ní ikùn kì í ṣàdédé wú báyìí, pé ẹni kan ló fún un ní nǹkan jẹ, àti pé bó bá máa kú, kí ó kú láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Mi ò bá a jiyàn. Mo mú ìgò ẹ̀jẹ̀ náà fún un wò, mo yí ojú sikáànì sí i, mo sì fi ìka tọ́ka sí kókó náà. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ṣé ẹ ó tẹ̀ lé wa dé ibẹ̀?” Mo ní nọ́ọ̀sì wa yóò tẹ̀ lé wọn. Ó lọ pe àwọn ọmọ ẹbí tó lè fún ni lẹ́jẹ̀.

A kò lè gbéra lóru. Gbogbo ẹni tó ń gbé lágbègbè yìí mọ ìdí rẹ̀: àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà wa di ohun tí ènìyàn kì í rìn lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Òru náà ni a fi mú kí ó wà láàyè. A fi rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde sí i lára kí a lè mọ̀ bóyá kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. A fún un ní oògùn tranexamic acid, gíráàmù kan, láti ran dídì ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, àti fítámínì K. Omi iyọ̀ tí a fà sí i lára kò pọ̀, nítorí omi púpọ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ di olómi jù, ó sì ń lé ìfúnpá sókè débi tí ojú ẹ̀jẹ̀ yóò fi tún ṣí. Ìfúnpá òkè tó tó 90 ni a ń wá, a kò wá 120. Ẹ̀jẹ̀ gan-an ló nílò. Àwọn ọmọ ẹbí mẹ́rin ló wá. A yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò fún kòkòrò HIV, àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní sífílísì, àti àrùn mẹ́dọ̀wú B àti C. Ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́ta dára. Ti àbúrò rẹ̀, ẹni tó gbé e wá lórí ọ̀kadà, ní mẹ́dọ̀wú B nínú. A ṣe àyẹ̀wò kan náà fún aláìsàn náà, òun náà ní i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti gba páìǹtì mẹ́ta, ìfúnpá rẹ̀ ti di 96/60, ọkàn rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 108, PCV rẹ̀ sì jẹ́ 25.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan l'Abuja ni wọ́n ti gbà láti ṣe é. Ọkọ̀ náà gba Kabba kọjá lọ sí Lokoja, láàárín àwọn tírélà símẹ́ńtì Obajana, wọ́n sì fa páìǹtì ẹ̀jẹ̀ kẹrin sí i lára lójú ọ̀nà. Ọ̀sán ni wọ́n dé.

Wọ́n kọ́kọ́ ṣe sikáànì CT fún un, irú èyí tó ń ya àwòrán inú ara ní ègé-ègé, pẹ̀lú oògùn tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn nínú àwòrán. Kókó kan ṣoṣo ni wọ́n rí, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 9, awọ ara rẹ̀ ti ya, oògùn náà sì ń ṣẹ̀ jáde láti ojú ibi tó ya, tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò tíì dúró. Iṣan ńlá tó ń ti ìfun bọ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí ìdènà nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà náà ń wá jù nìyẹn. Bí jẹjẹrẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì bá ti dí iṣan yẹn, tí ènìyàn wá dí iṣan àlọ mọ́ ọn, ẹ̀dọ̀ kò ní rí ẹ̀jẹ̀ láti ọ̀nà kankan mọ́. Wọ́n tún wo bilirubin, èyí tó ń mú kí ẹyin ojú ènìyàn di àwọ̀ ìyeyè nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ti ń kùnà. Tirẹ̀ jẹ́ 1.6 mg/dl. Bó bá ti ju 3 lọ, ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀ lè pa ẹ̀dọ̀ tó kù. Alpha-fetoprotein, ohun tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ti kọjá 400 ng/ml. Nítorí náà, dídí iṣan náà ṣeé ṣe fún un.

Wọn kò fi oorun kùn ún. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú ni wọ́n gún sí ibi tí itan ti bá ikùn pàdé lápá ọ̀tún, ọkùnrin náà sì ń dáhùn ìbéèrè wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni èyí tí dókítà ará Sweden kan, Sven-Ivar Seldinger, gbé jáde ní ọdún 1953: abẹ́rẹ́ gún iṣan àlọ itan, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú abẹ́rẹ́ wọlé, wọ́n fa abẹ́rẹ́ jáde, wọ́n wá ti rọ́bà gba orí wáyà náà wọ inú iṣan. Ihò tó wà lára kò ju mílímítà 2 lọ. Bí wọ́n ṣe ń wo ojú ẹ̀rọ àwòrán, wọ́n ti rọ́bà náà gòkè gba iṣan ńlá àyà-ikùn, wọ́n yà sí ẹ̀ka tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀, wọ́n sì ti rọ́bà mìíràn tí kò tó mílímítà kan gba inú rẹ̀ kọjá títí tó fi dé ẹ̀ka tó ń bọ́ kókó náà gan-an. Wọ́n tú oògùn àwòrán sí i, wọ́n rí i bó ṣe ń ṣẹ̀ jáde. Wọ́n wá ń fi ègé fóòmù onígẹ́látìn tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí ẹ̀jẹ̀ kò fi kọjá mọ́. Wọ́n tún tú oògùn àwòrán lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ohun tó ṣẹ̀ jáde. Gbogbo iṣẹ́ náà gbà ju wákàtí kan lọ díẹ̀. Wọ́n fa rọ́bà jáde, wọ́n tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ní kí ó dùbúlẹ̀ gbalaja fún wákàtí 6 láìká itan kò.

Wọn kò fi oògùn apajẹjẹrẹ kún un lọ́jọ́ náà, mo sì fara mọ́ ìpinnu yẹn pátápátá. Iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ̀dọ̀ tí àìtó ẹ̀jẹ̀ ti fìyà jẹ kò lè fara da oògùn líle lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kò rọrùn fún un. Ibà mú un dé 38.6, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń dùn ún, ó sì ń bì. Àwọn ẹbí pè wá láti Abuja, ẹ̀rù ti bà wọ́n pé ìtọ́jú náà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Bí ara kókó bá ń kú lójijì nítorí àìrí ẹ̀jẹ̀, irú ibà àti ìrora báyìí ló sábàá máa ń tẹ̀ lé e, a sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àwọn ẹbí ṣáájú kí wọ́n má baà gbé aláìsàn sá. Ohun tí a ń ṣọ́ ní tòótọ́ ni bóyá ẹ̀dọ̀ yóò kùnà, bóyá ọyún yóò gbá jọ síbi tí kókó ti kú, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Bilirubin rẹ̀ gòkè dé 2.4, ó sì tún wálẹ̀. PCV rẹ̀ dúró lórí 27 láìgba ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Lọ́jọ́ kẹwàá, wọ́n dá a sílẹ̀.

Ó pọn dandan kí n sọ èyí láìfi bò: jẹjẹrẹ náà ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tó dé ilé. Dídá ẹ̀jẹ̀ dúró fún un láyè láti wá ìtọ́jú ni, kò wò ó sàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo tenofovir lójoojúmọ́ láti tẹ kòkòrò mẹ́dọ̀wú B mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n lè gé apá ibi tí kókó náà wà kúrò, nítorí ìyẹn ló ń fún aláìsàn ní ẹ̀mí gígùn jù bí ẹ̀dọ̀ tó kù bá lágbára tó. Tirẹ̀ kò lágbára tó. Ó ti le, iṣan ẹ̀jẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì ti wú. Fífi ooru jó kókó náà láti inú abẹ́rẹ́ dára fún èyí tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ti 9 kò ṣeé jó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún gba ìdí itan wọlé lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú oògùn apajẹjẹrẹ doxorubicin tí wọ́n pò mọ́ ohun tí wọ́n fi ń dí iṣan. Nígbà tí wọ́n ṣe sikáànì CT lóṣù kẹsàn-án lẹ́yìn tí kókó náà bẹ́, ó ti sún kì dé sẹ̀ǹtímítà 5, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti kú. A ṣì ń ṣọ́ inú ikùn rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dà síbẹ̀ lè ti gbé irúgbìn jẹjẹrẹ dání. Ó ti ń lọ sóko, àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé ẹrù.

Owó náà pọ̀. Ó wọ mílíọ̀nù, wọ́n sì ta apá kan nínú oko kajú náà. Ó ń dùn mí, nítorí ohun èlò tí wọ́n fi ṣe é kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń lò fún iṣan ọkàn, tó yẹ kí ó wà ní ibi tó sún mọ́ wa ju Abuja lọ, àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ìṣègùn sì lè kọ́ ọ bí àyè bá wà.

Nípa ohun tó fa jẹjẹrẹ náà, mẹ́dọ̀wú B ni mo gbà pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí 8 nínú 100 àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló ní i. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wọ inú àwọn tí wọ́n ń gún fún ọmọ ọwọ́ nílẹ̀ yìí, nítorí náà àwọn tí wọ́n bí ṣáájú rẹ̀, irú ọkùnrin yìí àti àbúrò rẹ̀, kò rí i gbà ní kékeré. Èkejì ni májèlé tó máa ń wà lára ẹ̀pà àti àgbàdo tí wọn kò gbẹ dáadáa tí ó sì bu nínú àká. Ìyàwó rẹ̀ sọ pé àwọn máa ń ṣa èyí tó bu lára àgbàdo kúrò, wọn a sì lọ èyí tó kù. Mo ṣàlàyé fún un pé májèlé náà kò ṣeé fi ojú rí, sísè kò sì ń pa á, pé kí wọ́n máa sá àgbàdo kí ó gbẹ kí wọ́n tó kó o pamọ́.

A pe gbogbo ẹbí wá fún àyẹ̀wò. Ìyàwó rẹ̀ àti mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní kòkòrò náà, wọn kò sì tíì gba àjẹsára nígbà náà. Wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán báyìí. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ní i, àmọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀, kò sì tíì nílò oògùn. Àbúrò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tenofovir. Ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni a ń ṣe sikáànì ẹ̀dọ̀ àti àyẹ̀wò alpha-fetoprotein fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí àbúrò náà wá ṣe ìkejì, a rí kókó kan nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1.8, wọ́n sì ti fún un ní ọjọ́ tí wọn yóò fi ooru jó o.